Níbo Ni Ọmọ Iléèwé Ti Ń Rí Okun Inú Rẹ̀? Ẹ Bá Wa Rin Ìgboro Ìbàdàn

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a kò ní mú yín wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìlú òkèèrè. Ìgboro Ìbàdàn ni a fẹ́ kí a jọ rìn, láti ìdájí títí di alẹ́, kí a lè fi ojú ara wa rí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé ọdún mẹ́wàá, tí ń ru àpò ìwé lọ sí iléèwé, ti ń rí oúnjẹ tí ń sọ ọ́ di ènìyàn. Ẹni tí kò bá gbé Ìbàdàn náà lè bá wa lọ, nítorí ohun tí wọ́n ń tà ní Bódìjà àti Ọjà Ọba, òun náà ni wọ́n ń tà ní Ìwó, ní Ẹdẹ, ní Ìlọrin, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó.

Kí ló dé tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ikùn rẹ̀ yó tí ara rẹ̀ sì ń kébi. Ẹ ó rí i tí ó jẹun tán, tí ikùn rẹ̀ le gbandi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, egungun rẹ̀ kò le, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú kò ríran dáadáa mọ́, bí olùkọ́ bá sì ń sọ̀rọ̀ níwájú, òun a máa tòògbé lẹ́yìn. Olùkọ́ á ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ á ní ayé ń bá a jà. Bẹ́ẹ̀, nígbà púpọ̀, inú àwo tí ó fi ń jẹun ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Àwọn àgbà wa ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Òwe náà dára, ó sì pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ń lọ ro oko ni òwe yẹn ń bá wí, ẹni tí ó fẹ́ ohun tí yóò dúró pẹ́ nínú. Ara ọmọ kékeré ń béèrè ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń béèrè oúnjẹ tí ń fún ni lágbára, bí iṣu, gàárì, ìrẹsì àti epo. Ó ń béèrè oúnjẹ amúaradàgbà, bí ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja, ẹran, ẹyin àti wàrà. Ó sì ń béèrè oúnjẹ tí ń ṣọ́ ara, bí ẹ̀fọ́, èso àti epo pupa, nínú èyí tí fítámì àti àwọn èròjà bí irin wà. Bí ọ̀kan bá wà tí méjì kò sí, ọmọ yóò yó, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà bí ó ti yẹ.

Ní Ìdájí, Lọ́dọ̀ Alákàrà

Kí àwọn onímọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo ní Bẹẹrẹ, kí oòrùn tó yọ sórí Òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní 1929 dúró sí, alákàrà ti gbé agbada kaná. Ẹ wo àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

“Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ìyá mi ní kí n ra àkàrà.”

“Káàárọ̀, ọkọ mi. Mélòó lo fẹ́?”

Ọmọ yìí kò mọ̀ pé oúnjẹ tí ó dára jùlọ ní òwúrọ̀ Ìbàdàn ni òun fẹ́ gbé lọ sílé yìí. Bí a bá wọn 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 23 gíráàmù amúaradàgbà ni yóò wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ṣírò pé ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ nílò nǹkan bí 19 gíráàmù amúaradàgbà lóòjọ́, àti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá nílò nǹkan bí 34. Ẹ wá fi gàárì wé e. 100 gíráàmù gàárì kì í sábà ní ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ. Gàárì ń fún ni lágbára, a kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò lè fi iṣan àti ẹran sí ọmọ lára.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn àgbà wa kì í jẹ àkàrà lásán, ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Amúaradàgbà inú àgbàdo ní àbùkù kan, ohun tí ó sì kù fún un wà púpọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà ní àbùkù tirẹ̀, àgbàdo ni ó sì ń dí i. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé nínú ikùn ọmọ, wọ́n á súnmọ́ ẹran. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ògì nìkan. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun rere inú rẹ̀ ni ó bá èèrí lọ, omi sì gbé òmíràn dànù. Ọmọ tí ó mu ògì àti ṣúgà nìkan kí ó tó lọ sí iléèwé, agogo mẹ́wàá kò ní lù kí ebi tó mú un. Bí kò bá sí owó àkàrà, ẹ gún ẹ̀pà yíyan kúnná, kí ẹ bu ṣíbí méjì sí ògì náà. Iyẹ̀fun sóyà náà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ẹ yan sóyà náà tàbí kí ẹ sè é kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí tútù rẹ̀ kò bá ikùn mu.

Ní Ẹnu Ọ̀nà Iléèwé

Ní ẹnu ọ̀nà gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọjà kékeré kan wà. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, àwọn ọmọ á tú jáde bí oyin. Owó ọwọ́ wọn kò pọ̀, ohun tí wọ́n bá sì fi rà níbẹ̀ ni yóò gbé wọn dé ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí a wo orí àtẹ. Ní apá kan ni bisikíìtì, súìtì àti omi aláwọ̀ pupa tí a ro pọ̀ mọ́ ṣúgà nínú ọ̀rá. Ní apá kejì ni ẹ̀pà yíyan, kùlìkùlì, ráńpẹ́ rọ̀bọ̀ tí a fi ẹ̀gúsí ṣe, àádùn, ọsàn tí a ti bó àti ìbẹ́pẹ tí a gé sínú àwo. Apá kejì yìí ni kí ẹ kọ́ ọmọ yín láti máa yà sí. Ẹ̀pà ní amúaradàgbà tó ti ẹ̀wà, ó sì ní òróró tí ń fún ni lágbára. Ẹ̀gúsí inú rọ̀bọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti àádùn, àgbàdo yíyan tí a lọ̀ tí a sì fi epo pupa pò ni, epo pupa yẹn sì ni ìṣúra ojú, bí a ó ti sọ níwájú.

Èso inú ìlú wa kì í tán láàrin ọdún. Àgbálùmọ̀ máa ń wá nígbà ọyẹ́, kajú àti máńgòrò á tẹ̀ lé e, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kì í sì í wọ́n pẹ́. Fítámì C wà nínú ọsàn, ṣùgbọ́n gúáfà àti èso kajú tí a máa ń jẹ́ kí ó jẹrà sábẹ́ igi ní in jù ọsàn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Fítámì yìí ń ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀: òun ni ó ń ran ikùn lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Nítorí náà bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tán, ẹ fún un ní ọsàn. Ẹ má ṣe fún un ní tíì, nítorí tíì máa ń di irin náà mú kí ara má lè rí i lò.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ìjọba kò ha ń bọ́ wọn ní iléèwé?” Ó dára kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní 2012, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹrin. Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Ní oṣù January 2024 ìjọba àpapọ̀ dá ètò náà dúró pọ̀ mọ́ àwọn ètò ìrànlọ́wọ́ mìíràn láti yẹ̀ wọ́n wò. Níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ ọ̀sán kan kò lè ṣe iṣẹ́ àárọ̀ àti alẹ́, ètò ìjọba a sì máa wá a máa lọ. Ìkòkò ilé ni kò gbọdọ̀ lọ.

Ọjà Bódìjà Àti Oríta Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àpò ẹ̀wà tí a tò gègèrè, tí àwọn ọkọ̀ ńlá kó wá láti Òkè Ọya. Ẹ̀wà funfun wà níbẹ̀, ẹ̀wà pupa wà níbẹ̀, olóyin tí àwọn ọmọ fẹ́ràn náà wà níbẹ̀. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò lè ra kóńgò lè fi agolo mílíìkì rà.

Ọ̀wọ́n ti bá ẹ̀wà, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé ẹ̀wà ti di oúnjẹ olówó, ẹ fi iye agolo ẹ̀wà méjì wé iye ẹran tí owó kan náà lè rà. Ẹran yẹn lè jẹ́ ègé kékeré mẹ́ta. Ẹ̀wà yẹn á di ìkòkò kan tí ọmọ mẹ́rin yóò jẹ.

Ìkìlọ̀ kan nìyí. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà púpọ̀ pamọ́ tí ẹ kò fẹ́ kí kòkòrò bà á jẹ́, ẹ má ṣe fi oògùn apakòkòrò sí i. Oògùn tí ó pa kòkòrò lè pa ọmọ. Ẹ sá ẹ̀wà náà kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́, kí ẹ kún un dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin tí afẹ́fẹ́ kò fi ní wọ ibẹ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí èémí, yóò kú fúnra rẹ̀.

Láti Bódìjà ẹ jẹ́ kí a lọ sí Oríta Mẹ́rin, níbi tí èlùbọ́ pọ̀ sí. Ìbàdàn kì í ṣeré pẹ̀lú àmàlà, àwa náà kò sì ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ẹ kàn mọ̀ pé èlùbọ́ iṣu ní amúaradàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n láfún tí a fi gbágùúdá ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkankan. Àmàlà ni ẹṣin, ọbẹ̀ ni ẹni tí ń gùn ún. Bí òkèlè bá pọ̀ tí ọbẹ̀ kò tó, asán ni ọmọ ń gbé mì.

Ní ìlú yìí kan náà, ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni ilé ìwádìí oko tí à ń pè ní IITA wà láti 1967. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń wá irú ẹ̀wà, àgbàdo, iṣu àti gbágùúdá tí ó sàn jù. Àwọn àti àwọn onímọ̀ ìjọba wa ni wọ́n jọ mú gbágùúdá tí inú rẹ̀ pọ́n jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2011, àgbàdo olómi ọsàn sì tẹ̀ lé e ní 2012. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ohun tí ara ń sọ di fítámì A ni. Bí ẹ bá rí gàárì pupa tí a fi irú gbágùúdá bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ rà á fún àwọn ọmọ yín.

Ẹja Ẹlẹ́yẹlé Àti Wàrà Àwọn Fúlàní

Ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú ni odò Ẹlẹ́yẹlé, tí a sé ní nǹkan bí 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Àwọn apẹja ń pa ẹja níbẹ̀, àwọn obìnrin sì ń tà á ní etí odò. Ẹja ńlá dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí owó yín kò tó, ẹ má ṣe fojú di ẹja wẹ́wẹ́. Ẹja kékeré tí a yan, tí a lọ̀ tàbí tí a jẹ tòun-tegungun, òun ni ó ní èròjà tí ń mú egungun àti eyín le jùlọ. Ẹni tí ó jẹ ẹja ńlá tí ó tu egungun rẹ̀ dànù kò rí irú èrè yẹn. Edé lílọ̀ náà wúlò. Ẹ máa bu ṣíbí kan sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Ní ti pọ̀ǹmọ́, a mọ̀ pé ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé. Bí ọmọ bá jẹ pọ̀ǹmọ́, kí ẹ̀wà tàbí ẹja tún wà nínú oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ru igbá wá láti ẹ̀yìn ìlú. Wàrà ni wọ́n ń tà. Wọ́n gbé wàrà málúù kaná, wọ́n fún omi ewé bọmubọmu sí i, ó sì dì. Wàrà yìí ní amúaradàgbà pípé, ó sì ní ohun tí ń mú egungun le. Nínú ilé tí kò ti sí owó mílíìkì inú agolo, ègé wàrà méjì nínú ọbẹ̀ ata ọmọ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ẹ sáà rí i pé ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in kí ọmọ tó jẹ ẹ́, nítorí eruku ọ̀nà àti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ ti kàn án.

Ìkòkò Alẹ́

Àwọn ọmọ ti ti iléèwé dé, wọ́n ti lọ sí ilé kéwú, wọ́n ti bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Ìkòkò alẹ́ ni ó kù.

Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú: bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wa, a ó ní oúnjẹ yìí tó oúnjẹ. Àmàlà fún ọmọ lágbára, gbẹ̀gìrì tí a fi ẹ̀wà ṣe mú ara rẹ̀ dàgbà, ewédú fún un ní irin àti fítámì. Ìrù tí a fi sí i náà kì í ṣe òórùn lásán, nítorí irúgbìn tí ó ní amúaradàgbà púpọ̀ ni a fi ṣe é. Ibi tí a ti máa ń ba ohun rere yìí jẹ́ ni ọwọ́ wa nídìí ààrò.

Àkọ́kọ́ ni káún. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi káún sí ewédú kí ó lè tètè fà, tàbí sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀. Káún máa ń pa àwọn fítámì kan tí ó wà nínú wọn. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi ní alẹ́, yóò rọ̀ láìsí káún. Ìjábẹ̀ sì wà fún ewédú.

Èkejì ni ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ dára púpọ̀. Àní orúkọ ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n a ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a ó wá fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́ títí yóò fi kú, a ó fún omi rẹ̀ dànù. Omi aláwọ̀ ewé tí a dà sí gọ́tà yẹn, ohun tí a fi owó rà wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

Ẹ̀kẹta ni epo pupa. Àwọ̀ pupa inú epo yìí gan-an ni ara ń sọ di fítámì A, tí ń jẹ́ kí ọmọ ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí ó sì ń bá a jagun àìsàn. Kò sí ọ̀pọ̀ oúnjẹ láyé tí ó ní in tó epo pupa. Nígbà tí a bá sì gbé epo kaná títí gbogbo pupa rẹ̀ fi ṣí, bí a ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ọ̀fadà, fítámì náà ti jóná lọ. Ọbẹ̀ ọ̀fadà dùn, ẹ máa jẹ ẹ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ojoojúmọ́ tí ọmọ ń jẹ, kí epo rẹ̀ máa pọ́n.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé láti 1993 ni a ti ń fi èròjà áyódíìnì sí iyọ̀ tí a ń tà ní Nàìjíríà, kí gẹ̀gẹ̀ má ba mú ènìyàn, kí ọpọlọ ọmọ sì lè jí pépé. Láti 2002 ni òfin ti ní kí a máa fi fítámì A sí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Oòrùn máa ń ba fítámì inú òróró jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe ra òróró tí a tò sínú ìgò gbangba tí oòrùn ń pa láti àárọ̀.

Ta Ni Ó Ni Ẹran Inú Ìkòkò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ korò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹran mẹ́rin ni ó ń bẹ nínú ọbẹ̀: méjì tí ó tóbi jù wà nínú àwo bàbá, ọ̀kan wà fún ìyá, ẹyọ kan tí ó kù ni àwọn ọmọ mẹ́ta fi eyín pín. Ọmọbìnrin tí ó bá ìyá rẹ̀ dáná ni yóò jẹun kẹ́yìn, nígbà tí ó kù ọbẹ̀ lásán. A bá ìwà yìí nílẹ̀, a kò sì rò ó wò.

Bàbá ti dàgbà tán. Egungun rẹ̀ ti le, gíga rẹ̀ kò tún lè lé sí i. Ọmọ ni ó ń kọ́ ara lọ́wọ́, ohun tí kò bá sì rí fi kọ́ ọ ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó ṣòro láti padà wá fi kún un. Bọ̀wọ̀ fún bàbá kò pọn dandan kí ó wà nínú ẹran. Bàbá tí ó bá sì bu ẹran kúrò nínú àwo ara rẹ̀ fún ọmọ, kò sọ ipò rẹ̀ nù. Ọmọ náà kò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Ohun kejì ni èrò àtijọ́ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Boyá nígbà tí adìẹ kò pọ̀ ni wọ́n dá èyí sílẹ̀ láti fi kó ọmọ níjàánu. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà amúaradàgbà tí ó pé pérépéré. Ẹyin kì í kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Ọmọ tí ojú ń pọ́n, tí ó ń rí ẹyin tí kò lè jẹ ẹ́, ni ó súnmọ́ ọ̀nà ìkòkò.

Nígbà Iléyá pẹ̀lú, tí a bá pa àgbò, ẹ rántí àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá ń pín ẹ̀dọ̀. Àgbà ni ó sábà máa ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ irin àti fítámì A kún inú rẹ̀ ju inú ẹran yòókù lọ. Ní àkókò ààwẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà kò ní ìjẹ́-dandan láti gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọ́n máa ń fẹ́ bá àwọn òbí wọn ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe fi tíì àti búrẹ́dì nìkan ṣe sàárì fún wọn. Ẹ̀wà tàbí ẹyin, èso àti omi púpọ̀ ni kí ẹ fún wọn. Bí ó bá sì rẹ̀ wọ́n lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣínu.

Bí Ẹ Ó Ti Mọ̀ Pé Nǹkan Kò Lọ Dáadáa

Ẹ fa ìpénpéjú ọmọ sísàlẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá funfun dípò kí ó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára rẹ̀. Bí ó bá ń kọsẹ̀ tí ó ń táràrà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sáré, ẹ fura sí àìtó fítámì A. Bí aṣọ iléèwé ọdún tí ó kọjá bá ṣì bá a mu rẹ́gí lẹ́yìn ọdún kan, tí kò ga, tí kò sanra, ẹ má ṣe yọ̀ pé ẹ kò náwó aṣọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ aràn ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí ibà, oúnjẹ rere kò sì lè ṣe iṣẹ́ nínú ikùn tí aràn ti ń jọba. Ẹ béèrè oògùn aràn lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wọ bàtà, kí ó sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó ṣe Bísímílàhì.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìrìn wa ti fi hàn pé a kò nílò láti lọ sí ilé ìtajà olówó ńlá kí ọmọ wa tó jẹ oúnjẹ gidi. Ó wà nínú agbada alákàrà, ó wà nínú àpò Bódìjà, ó wà nínú igbá oníwàrà, ó wà lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó bu oúnjẹ, ẹ wo ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta yìí: kí ni yóò fún ọmọ mi lágbára níbẹ̀, kí ni yóò mú un dàgbà, kí ni yóò ṣọ́ ara rẹ̀? Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ wá a ní ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu ti àwọn ọmọ ṣáájú, kí ẹran wọn sì wà lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó jẹ́ kí a jẹ èrè wọn. Àmín.